Ìlà Tí Ìyá Lè Kà

Àwọn kan ńwí pé iṣẹ́ akọ̀wé nìkan ni sísọ òǹkà di àwòrán. A kò gbà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, fi káàdì ìwọ̀n ọmọ lé àwọn ìyá lọ́wọ́. Ilé ìyá ni káàdì náà ńgbé, kì í ṣe ọ́fíìsì. A ó wọn ọmọ, a ó fi àmì sí i, a ó sì fi ìlà so àmì mọ́ àmì. Bí ìlà bá ńgòkè, ọmọ ńdàgbà. Bí kò bá gòkè mọ́, ewu ńbọ̀ lọ́nà, bí ọmọ náà tilẹ̀ ńṣeré lọ́wọ́. Ìyá tí kò mọ̀wé á fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ta ni yóò wá sọ pé ará ìlú kò lè ka ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀, bí a bá yà á bẹ́ẹ̀ sára ògiri ọjà? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lójú pátákó yín: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ya iye ọjọ́ tí òjò rọ̀ lóṣù yìí.