Ọpọlọ Ló Ń Ríran: Ẹ Má Fi Ojú Ọmọ Falẹ̀

Ọ̀rọ̀ ojú ọmọdé ni mo mú wá. Ẹ̀yin ìyá àgbà ni mo dìídì ń bá sọ ọ́, torí ẹnu yín ni ìyá ọmọ ń wò.

Bí funfun bá wà nínú ọmọlójú ọmọ, tàbí tí ojú kan ń wo iwájú tí èkejì ń wo ẹ̀gbẹ́, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nílé ni pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, bó bá dàgbà yóò lọ." Èmi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ojú nìkan kọ́ ló ń ríran. Ojú ń gba ìmọ́lẹ̀, iṣan ẹ̀yìn rẹ̀, tó ní fọ́nrán bíi 1,000,000, á gbé e lọ sínú ọpọlọ títí dé apá ìpàkọ́. Níbẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ń túmọ̀ ohun tí a rí. David Hubel àti Torsten Wiesel ṣèwádìí wọn lára ológbò ní Amẹ́ríkà, ní 1959 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ jáde. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní irú ilà tó ń jí i: òmíràn ilà tó dúró ṣánṣán, òmíràn èyí tó dùbúlẹ̀, òmíràn èyí tó dagun. Bí ẹ bá ń wo ilà aṣọ òfì Ìsẹ́yìn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ yí aṣọ náà dábùú, àwọn mìíràn á gbà á.

Èyí tó kàn wá jù nìyí. Wọ́n dí ojú kan ọmọ ológbò fún oṣù 2 sí 3 látìgbà tí ojú rẹ̀ là. (Ológbò náà ṣe mí láàánú.) Nígbà tí wọ́n ṣí i, kò sí àbùkù lára ojú náà, síbẹ̀ kò fi ríran. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti fi í sílẹ̀, wọ́n ti yí sọ́dọ̀ ojú kejì. Bí wọ́n bá sì dí ojú ológbò tó ti dàgbà, kò ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ènìyàn. Àgbà ẹni 70 ọdún tí ohun funfun bo ojú rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ abẹ, kó sì tún ríran. Ọmọ tí wọ́n bí i mọ́, tí wọ́n dúró dìgbà tó pé ọdún 10, lè ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn kó má ríran bó ṣe yẹ. Láàrin oṣù 2 àkọ́kọ́ ló dára jù kí wọ́n ṣe é. Funfun yẹn sì tún lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú, tó ń pa ọmọ.

Ojú ọmọ tuntun lè máa yà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ohun ìpayà. Bó bá kọjá oṣù 4, ẹ gbé e lọ. Ẹ tún fọwọ́ bo ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bó bá ń ṣeré. Bó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló ń bínú sí pé ẹ bò, àfàìmọ̀ kí èkejì má ríran dáadáa.

Ẹ má kán omi ọmú, ìtọ̀ tàbí àgbo sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù ìjọba tó wà nítòsí. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ láti Ṣakí dé UCH n'Ìbàdàn kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó lè dáwó aṣọ ẹbí lè dá ti ojú ọmọ.

Bí dókítà bá ní kí wọ́n máa bo ojú tó dára fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́, ẹ má bá ìyá ọmọ jà. Wọ́n fẹ́ kí ojú tó lẹ ríṣẹ́ ṣe, kí ọpọlọ tún lè máa gbọ́ tirẹ̀ ni. Ọmọ á sunkún, á fẹ́ ya bándéèjì náà dànù. Ẹ bá ìyá rẹ̀ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kí wákàtí náà lè pé.