Ẹsẹ̀ Ọmọ Tó Tẹ̀ Bí Ọrun

Lábẹ́ àwọn òkè Dasa yìí, oòrùn kò wọ́n wa; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpáta a máa jó ni lẹ́sẹ̀. Kí ló wá dé tí egungun ọmọ mìíràn ń rọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ bí ọrun? Àwọn kan á ní ó tètè rìn ni, àwọn mìíràn á dárúkọ orogún ìyá rẹ̀.

Àwọn dókítà ti máa ń sọ pé àìrí oòrùn ló ń fà á, nítorí oòrùn ni ara fi ń ṣe fítámì D. Ṣùgbọ́n ní Jos, ìlú orí òkè ní Nàìjíríà, Dókítà Thomas Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú ọmọ 123 fún ọ̀sẹ̀ 24. Èsì jáde lọ́dún 1999: àwọn tó gba kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú egungun le, sàn ju àwọn tó gba fítámì D nìkan lọ. Oúnjẹ wọn ni kò ní in tó. Lọ́dún 2015, wọ́n tún kọ̀wé pé ẹja lílọ̀ ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ wo ìkòkò tiwa: ògì àti iyán lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wàrà àwọn Fúlàní wà lọ́jà (kì í ṣe ti baba nìkan o), ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ náà wà. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná tegungun-tegungun sínú oúnjẹ ọmọ.

Ẹsẹ̀ ìkókó a máa tẹ̀ díẹ̀, a sì máa nà bó bá fi ń pé ọdún méjì. Bó bá ń tẹ̀ sí i lẹ́yìn ìyẹn, tàbí tí ọrùn ọwọ́ ọmọ ń wú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má fi igi dì í, ẹ sì fi orogún sílẹ̀ jẹ́ẹ́.