Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Sọ Pé Kì í Ṣe Tiwa?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti sú mi láti máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé wa. Wọ́n ní kí ènìyàn dúró síwájú ayàwòrán kí ayàwòrán máa wò ó fínnífínní kí ó sì máa yà á, pàápàá bí onítọ̀hún bá bọ́ra sílẹ̀, àṣà òyìnbó pátápátá ni, pé ìwà ìbàjẹ́ ni pẹ̀lú. Èmi kì í ṣe ayàwòrán nípa iṣẹ́ òòjọ́. Iṣẹ́ mìíràn ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwa bíi mẹ́fà ti máa ń dá owó jọ ní ọjọ́ Sátidé, tí a fi ń sanwó fún ẹni tí yóò wá dúró fún wa. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti ìhòòhò, nítorí òun ni wọ́n fi ń pariwo jù. Ẹni tí ó bá ti di ère ìbejì mú rí mọ̀ pé gbẹ́nàgbẹ́nà wa kì í fi ọmú tàbí abẹ́ pamọ́. Ọmọ ọwọ́ ni ó kú, ara àgbà ni wọ́n gbẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ẹni tí ó kú ní 1938, gbẹ́ òpó kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́: ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọmú rẹ̀ sì yọ síta kedere. Ààfin ni wọ́n gbé e sí, kì í ṣe ìkọ̀kọ̀. Chicago ni ó wà báyìí.

Àwọn alátakò mi ní èsì kan tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní gbẹ́nàgbẹ́nà kì í pe ẹnikẹ́ni kí ó wá dúró. Ojú inú ni ó fi ń gbẹ́. Òótọ́ ni. Orí ère igi wa tóbi nítorí ipò tí a fi orí sí, kì í ṣe nítorí pé gbẹ́nàgbẹ́nà pàdé irú orí bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ṣé ère igi nìkan ni a ní? Ẹ wo àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Ẹni tí ó rọ wọ́n ti wo ojú alààyè pẹ́. Ó mọ bí ẹran ṣe bo egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó mọ bí ètè méjèèjì ṣe pàdé ní igun ẹnu. Ní Ọ̀wọ̀ ńkọ́, níbi tí àkó tí wọ́n ń gbẹ́ fún ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì ti gbọ́dọ̀ jọ olóògbé, tí wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ láṣọ? Jíjọra kì í ṣe ẹrù tí ọkọ̀ òkun já sílẹ̀ ní Èkó.

Àìná Onábólú, ọmọ Ìjẹ̀bú, ti ja ìjà yìí kí a tó bí púpọ̀ nínú wa. Láti 1906 ni àwòrán ìyáàfin Spencer Savage tí ó yà ti wà, kò sì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. 1920 ni ó tó lọ. Nígbà tí Kenneth Murray dé ní 1927 láti wá máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ọnà, ìmọ̀ràn tirẹ̀ ni pé kí wọ́n fi ọ̀nà ìyàwòrán Yúróòpù sílẹ̀, kí wọ́n gbájú mọ́ iṣẹ́ ìbílẹ̀. Inú rere ni ó fi sọ ọ́, n kò jiyàn. Ọkùnrin náà ṣe gudugudu méje lórí ìtọ́jú àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń pariwo lónìí pé "kì í ṣe tiwa", ohùn Murray ni ó ń fi sọ̀rọ̀, ó sì rò pé ohùn baba òun ni.

Kí ni à ń rí níbẹ̀ gan-an? Bàbá kan tí ó ti ṣe alábàárù rí ti dúró fún wa lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá gbé ìwúwo ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìbàdí ọ̀tún a gòkè, èjìká ọ̀tún a wálẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, itan a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìdúró náà a sì yí díẹ̀, kí ẹni tí ó mú èédú lọ́wọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lákọ̀tun. Fótò kì í gbọ̀n. Ìyá ẹlẹ́kọ kan tí ó máa ń wá sọ fún mi pé: "Bùrọ̀dá, ìdúró yìí le ju ìkiri lọ o." Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ìṣekúṣe wà nínú èyí? Kò sí ẹni tí ó ní ààyè rẹ̀ nígbà tí ojúgun kò bá gbà láti wọ inú bébà.

Ní 2018, wọ́n ta àwòrán Tútù tí Ben Enwonwu yà ní 1974 ní Lọ́ńdọ̀nù ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Adétútù Adémilúyì, ọmọ ọba Ifẹ̀, ni ó wò yà á. Gbogbo wa ni a yọ̀, a ní Mona Lisa ilẹ̀ Áfíríkà ni. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lọ́jọ́ náà pé àṣà òyìnbó ni kí ọmọbìnrin jókòó fún ayàwòrán. Ó dà bí ẹni pé owó ti wẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà nù.

Ohun ìtìjú wà nínú iṣẹ́ yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń nàka sí kọ́ ni ó wà. Mo mọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí ó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ ara ènìyàn-án yà, tí kò sì ní kọ́bọ̀ kan nínú ìṣirò owó rẹ̀ fún ẹni tí yóò dúró. Fótò inú fóònù ni àwọn ọmọ náà ń dà kọ. Mo sì mọ àwọn ayàwòrán tí ń fún ènìyàn ní owó ọkọ̀ lásán, tí wọn kì í sọ ibi tí wọ́n máa gbé àwòrán náà hàn. Ẹ bá àwọn wọ̀nyí jà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, fóònù kì í wọlé, ẹni tí ó dúró ni ó ń sọ ibi tí aṣọ yóò kù sí lára òun, owó rẹ̀ a sì ti wà lórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó mú èédú.