Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tó ka nǹkan dé ẹ̀fà lè rò pé èje nìkan ló kù, àṣé ọ̀pọ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò tíì tó. Òwe náà ń kìlọ̀ pé kí á má ṣe fi ohun tí a kọ́kọ́ rí dájọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ hàn kedere nínú bí àwọn oníṣègùn ṣe ń fi ẹ̀rọ CT yẹ ẹ̀dọ̀ wò.

Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe ya àwòrán orí aláìsàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rọ náà ń jẹ́ kí oníṣègùn rí inú ara láìfi abẹ kàn án. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dọ̀ ṣe tóbi tó àti bó ṣe rí ni àwòrán kan ṣoṣo ń sọ. Kò sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú rẹ̀. Nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà wọlé. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ń gba ìfun wá, òun ló ń gbé èròjà oúnjẹ. Ìyókù ń ti ọkàn bọ̀ tààrà.

Bí ẹni da aró sódò kó lè mọ bí omi ṣe ń sáré tó, wọn a fún oògùn aláyódíìnì sí iṣan apá aláìsàn, ẹ̀rọ a sì máa ya ibì kan náà léraléra bí oògùn ṣe ń kọjá. Ibi tí oògùn bá dé a funfun nínú àwòrán. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ọkàn wá ló ń kọ́kọ́ dé, ti ìfun a tẹ̀lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Àlàfo kékeré yẹn ni wọ́n fi ń ya méjèèjì sọ́tọ̀, tí wọ́n fi ń ṣírò iye ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé wọ ẹ̀dọ̀. Ní 1993, Kenneth Miles àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí jáde lórí ìlànà yìí.

Èrè rẹ̀ pọ̀. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ti ọkàn ju ti ìfun lọ. Bí aláìsàn bá ń lo oògùn tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ jẹjẹrẹ, kókó náà lè má tíì sún kì, síbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti já wálẹ̀. Ẹni tó wo bó ṣe tóbi nìkan a ní oògùn kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀fà ló kà.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló nílò rẹ̀, torí yíya léraléra ń fi kún ìtànṣán tó ń wọ ara. Bí wọ́n bá kọ CT olóògùn fún yín, ẹ sọ fún oníṣègùn bí kíndìnrín bá ń yọ yín lẹ́nu, tàbí bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá ti bá yín lára jà rí. Ẹ bi í léèrè ohun tí àwòrán náà yóò fi hàn àti ohun tí kò ní fi hàn. Ẹ̀yin tí ẹ ní àrùn mẹ́dọ̀wú B, ẹ má tìtorí pé ara le kí ẹ pa àyẹ̀wò tì: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ kí ara tó mọ̀.