Ímeèlì kò ní kí oníṣòwò máa jó dátà
Àṣìṣe ni bí àwọn oníṣòwò kéékèèké kan ṣe gbà pé kọ̀ǹpútà ilé tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kò wúlò fún ímeèlì. Ẹni tó ṣí lẹ́tà oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó wá jókòó síbẹ̀ tó ń ro èsì, owó ló ń jó. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá sì já, ohun tó ti kọ lè bá a lọ.

Ọ̀fẹ́ ni Thunderbird, tó ti wà láti ọdún 2003. Kí oníṣòwò fi fóònù fún kọ̀ǹpútà ní íntánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí lẹ́tà wọlé, kó sì pa dátà. Á fara balẹ̀ kà á, á ṣírò iye ọjà, á kọ èsì. Inú Outbox ni èsì yóò wà títí dátà yóò fi padà.

POP ni kó ṣọ́ra fún. Bí kò bá fi ẹ̀dà lẹ́tà sílẹ̀ lórí server, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni gbogbo àdéhùn owó wà. Bí olè bá wá gbé e ńkọ́? IMAP ló dáa jù, àmọ́ kó ṣí lẹ́tà náà wò kó tó pa dátà, torí ó lè jẹ́ àkọlé nìkan ló tíì dé.