Ọ̀kánjúwà Baba Àrùn

Ọ̀kánjúwà ni baba àrùn, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbọ́ ọ, ìwà ni ọkàn wa máa ń lọ bá: olè, irọ́, ìlara. Ṣùgbọ́n létí adágún ẹja, bí òwe náà ti rí gan-an ló ń ṣẹ. Àrùn tó ń pani ló ń sọ.

Ká ní ẹnìkan ní ìlú Iyah-Gbede fẹ́ fi ọ̀sìn ẹja àrọ̀ kún oko iṣu àti kaṣú rẹ̀. Ó fi tapólì ṣe adágún, ó pọn omi kún un. Ibi tó gba ọmọ ẹja 500, ó da 1,000 sí i, ó sì ti ń ṣírò èrè ìlọ́po méjì. Ẹja àrọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tan olówó rẹ̀ jẹ: ó lè yọrí sókè mí afẹ́fẹ́, nítorí náà ìhámọ́ kì í tètè pa á. Èèyàn á rò pé gbogbo rẹ̀ ló dáa.

Fáírọ́ọ̀sì ni kò ní jẹ́ kó dáa. Ara ẹja tó ń ṣàìsàn ló ti ń bọ́ sínú omi, ó sì gbọ́dọ̀ rí ẹja mìíràn wọ̀ kó tó bàjẹ́. Níbi tí ẹja ti fọ́nká, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń ṣègbé. Níbi tí wọ́n ti ń gbún ara wọn, kíá ló ti dé ara ẹlòmíràn. Ìgbẹ́ àti àjẹkù oúnjẹ tún ń ba omi jẹ́, ara ẹja ń bó, agbára tí ì bá fi kọ àrùn ń dínkù. Èyí tó le jù ni pé fáírọ́ọ̀sì tó bá ń yára pani kì í rìn jìnnà láàárín ẹja díẹ̀, torí òun àti ẹni tó pa ni wọ́n jọ ń lọ. Láàárín ọ̀pọ̀ ẹja, ó lè máa gbilẹ̀.

Ní ìparí 2018, ikú wọ inú àgò àwọ̀n tí wọ́n ti ń sin ẹja epìyà lórí Adágún Volta ní Gánà. Ó ju ìdajì ẹja lọ tó ṣòfò láwọn oko kan. Àyẹ̀wò fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì ISKNV wà níbẹ̀, èyí tó ń jẹ ọlọ inú àti kíndìnrín ẹja. Ní Chile, fáírọ́ọ̀sì ISA kọlu oko ẹja salmon ní 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì di aláìníṣẹ́. Lẹ́yìn àdánù náà ni wọ́n tó ṣòfin lórí iye ẹja inú àgò àti ìgbà tí oko gbọ́dọ̀ sinmi.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹja púpọ̀ kọ́ ló ń dá fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀. Òótọ́ ni. Ọmọ ẹja tí a rà, omi tí a fà, àwọ̀n tí a yá ló máa ń bá wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba àlejò burúkú sílé, tó ń bọ́ ọ títí ó fi lágbára, baba àrùn ni lójú òwe yìí.

Ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹja, oògùn tó ń pa bakitéríà tí ẹ ń dà sómi kò ran fáírọ́ọ̀sì. Ẹ ra ọmọ ẹja lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ ya tuntun sọ́tọ̀ ná, ẹ tètè kó òkú kúrò, ẹ sì jẹ́ kí adágún gbẹ dáadáa lẹ́yìn ìkórè. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kó ìwọ̀n ẹja tí omi yín lè gbé. Ẹja tó yè dọjọ́ ìkórè nìkan ni ọjà ń sanwó fún.