Sóyà Kì Í Ṣe Májèlé, Ẹ Sè É Jinná

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láàárín àwa oníṣòwò. Wọ́n ní ẹ̀wà sóyà ń ba ara jẹ́, wọ́n ní ó ń gba agbára lọ́wọ́ ọkùnrin. Bí a bá dákẹ́, ọjà àwọn ìyá tó ń ta wàrà sóyà yóò kú, ọmọ tí apá òbí rẹ̀ kò ká ẹran yóò sì pàdánù oúnjẹ gidi.

Irọ́ pátápátá kọ́ o. Sóyà tútù ní èròjà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ikùn, iná ló ń pa á. Ó tún ní èyí tó jọ họ́mónù obìnrin. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù àwọn ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ yẹ̀ wò, àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2010 ni pé sóyà kò dín họ́mónù ọkùnrin kù.

Ṣé àwa Ìjẹ̀bú ló yẹ kí ẹ̀rù èyí bà? Gbágùúdá náà ní májèlé nínú, síbẹ̀ gbogbo ayé ló ń wá gààrí wa. A ń rin ín, a ń jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, a ń fún omi rẹ̀ dànù, a sì ń yan án. Bí a ṣe ń ṣe é ló sọ ọ́ di oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni sóyà.

Láti 1987 ni IITA ní Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń fi sóyà se oúnjẹ ilé wa. Nínú 100 gíráàmù sóyà gbígbẹ, èyí tó ń mú ara dàgbà sún mọ́ 40. Ti ẹ̀wà wa jẹ́ nǹkan bí 24.

Ẹ̀yin tó ń ta wàrà, ẹ rẹ sóyà mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ. Bó bá ru sókè lórí iná, kò tíì jinná o! Ìfòòfò lásán ni. Ẹ dín iná kù, kó máa hó fún ìṣẹ́jú 20. A mọ̀ pé gáàsì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e sọ̀ kalẹ̀ láìjinná ló ń ba ọjà gbogbo wa jẹ́.

Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́, kó má jẹ ẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn gẹ̀gẹ̀, kó bi dókítà rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú ìyá nìkan ni.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ má da sóyà nù, ẹ sè é jinná.